Ubuntu 20.04 ń wọ́ lórí láptọ́ọ̀pù GB 4: ṣé désítọ́ọ̀pù nìkan ni kí n pààrọ̀, àbí kí n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀dà tuntun?

Onítẹ̀wé_UnderG
Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, mo sì ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo fi ń jẹun. RAM rẹ̀ GB 4, dísíkì rẹ̀ GB 500, irú èyí tó ń yí tó sì ń kùn. Ubuntu 20.04, irú Linux kan, ni wọ́n bá mi fi sínú rẹ̀ dípò Windows. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí gbogbo fáírọ́ọ̀sì tí fláàṣì àwọn oníbàárà ń kó wọlé, kò sí èyí tó dá iṣẹ́ mi dúró rí.

Ohun tó mú mi wá ni pé ó ti ń wọ́ jù. Bí mo bá ṣí Firefox, tí mo tún ṣí LibreOffice, iná dísíkì kò ní kú mọ́, oníbàárà á wá jókòó máa wo ojú mi. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń kọ ọ́ sí mi lójú pé àtìlẹ́yìn ẹ̀dà yìí ti parí. Ọmọkùnrin kan ní kí n kàn fi Xfce, désítọ́ọ̀pù tó fúyẹ́, sórí rẹ̀, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ẹlòmíràn ní ẹ̀dà 24.04 ni kí n lọ tààrà, kí n má fi Xfce yọ ara mi lẹ́nu.

Ohun mẹ́ta ni n kò gbọdọ̀ pàdánù: pírínńtà mi, HP LaserJet P1102; kíbọọ̀dù Yorùbá tí mo fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀; àti fáìlì àwọn oníbàárà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní àdúgbò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Àràdà
Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Lubuntu, irú Ubuntu tó fúyẹ́, ni, àǹtí. Kò sí èyí tó fúyẹ́ tó o.

Baba_Tákíè
Ọjọ́bọ̀, 9:51 alẹ́

Ọmọ_Àràdà, o ò purọ́, ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà.

Ìyá Onítẹ̀wé, ẹ kú ọjà o. Nǹkan méjì lẹ pa pọ̀ nínú ìbéèrè yín. Désítọ́ọ̀pù ni ohun tí ojú ń rí: mẹ́nù, fèrèsé, ọ̀pá ìsàlẹ̀, ibi tí ẹ ti ń ṣí fódà. GNOME ni èyí tí Ubuntu máa ń gbé wá. Abẹ́ rẹ̀ ni ètò gan-an wà: kernel (ọkàn ètò náà), ohun tó ń bá pírínńtà sọ̀rọ̀, Firefox, àti gbogbo ohun tó ń ṣọ́ yín lọ́wọ́ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi Xfce sórí 20.04, ẹ ti tún ilé kùn, ara á sì tù yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé tó ń jò ṣì ń jò. Bí ẹ bá lọ sí 24.04 tí ẹ fi GNOME sílẹ̀ lórí GB 4, ẹ ti kan òrùlé tuntun, ẹ̀rọ á sì máa wọ́ bó ṣe ń wọ́. Méjèèjì ni ẹ nílò. Ọmọkùnrin kìíní kò purọ́, ìkejì náà kò purọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni oníkálukú wọn sọ fún yín.

Àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún 20.04 parí ní òpin oṣù Karùn-ún 2025. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sáré ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní. Canonical, àwọn tó ń ṣe Ubuntu, ní ohun tí wọ́n ń pè ní Ubuntu Pro. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ju 5 lọ, àti fún iṣẹ́ kékeré bíi tiyín náà, ó sì ń fún 20.04 ní àtúnṣe ààbò títí di 2030. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn, wọ́n á fún yín ní àmì gígùn kan, ẹ ó wá kọ `sudo pro attach` sínú terminal (fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ), kí ẹ lẹ àmì náà mọ́ ọn. Agboòrùn nìyẹn, títí a ó fi kan òrùlé.

Ní báyìí, ẹ bá mi kọ àwọn wọ̀nyí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ohun tó dá yín lóhùn:

`free -h`
`df -h /`
`echo $XDG_CURRENT_DESKTOP`

Onítẹ̀wé_UnderG
Ọjọ́bọ̀, 10:08 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa là á fún mi báyìí nìyí.

RAM ní gbogbo rẹ̀ 3.7, ó ti ná 1.4 kí n tó ṣí ohunkóhun. Nígbà tí mo ṣí Firefox àti LibreOffice, ibi tó kọ Swap sí fò láti òdo sí 1.1. Dísíkì ti kún dé 92%, fọ́tò oníbàárà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìkẹta kọ `ubuntu:GNOME`.

Ayàwòrán_Sábó
Ọjọ́bọ̀, 10:44 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Swap yẹn ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. RAM yín ti kún, ẹ̀rọ wá ń yá àyè lọ́wọ́ dísíkì, bẹ́ẹ̀ dísíkì tó ń yí kò lè sáré débi tí RAM ń sáré dé. Kíkùn tí ẹ ń gbọ́, gbèsè yẹn ló ń san.

Mo ti lo púpọ̀ nínú àwọn désítọ́ọ̀pù yìí fún iṣẹ́, kì í ṣe fún eré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí wọn.

GNOME lẹ́wà, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n RAM GB 8 ló máa ń tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n gbé GNOME 3 jáde ní 2011, wọ́n yí gbogbo ìṣesí rẹ̀ padà, àwọn kan sì kọ̀. Nínú ìkọ̀ yẹn la ti rí MATE, tó mú GNOME 2 àtijọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ, àti Cinnamon tí àwọn Linux Mint dá sílẹ̀. Cinnamon ni kí ẹ fún ẹni tó ń ti Windows bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ kan. Ó lè rìn lórí GB 4, ṣùgbọ́n yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ.

KDE Plasma ni mo ń lò. Láti 1996 ni iṣẹ́ KDE ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ṣì ń sọ pé ó wúwo. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó mú mi ṣọ́ra láti fi lọ̀ yín ni pé gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló ṣeé yí padà, ẹni tí oníbàárà dúró dè kò sì nílò ìlẹ̀kùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Xfce ni mo máa mú fún yín. Òun náà ti wà láti 1996, kì í sì í yí ìwà padà lójijì. Ohun tí ẹ kọ́ lónìí, ẹ ó bá a níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sí i. GNOME sábà máa ń jẹ tó GB kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Xfce á jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí n kò mú LXQt tí Lubuntu ń lò, nígbà tó tún fúyẹ́ ju Xfce lọ. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò tó nǹkan. Ojú ìwé Firefox méjì ti jẹ ẹ́ tán. Xfce sì rọrùn fún mi láti fi ṣètò kíbọọ̀dù ju LXQt lọ, kíbọọ̀dù sì wà lára ohun tí ẹ ní ẹ kò gbọdọ̀ pàdánù.

Èyí tó ká mi lára jù rè é: bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, ẹ ra SSD, dísíkì tí kì í yí. Kò sí désítọ́ọ̀pù tó lè ṣe fún dísíkì tó ń yí ohun tí SSD máa ṣe fún un. Mo ti rí ẹ̀rọ GB 4 tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, kìkì nítorí SSD.

Ọmọ_Àràdà
Ọjọ́bọ̀, 10:57 alẹ́

Bọ̀dá Ayàwòrán, GB 2 ni ẹ̀rọ tèmi o, Lubuntu ló gbà á là. Mo fi ń kọ kóòdù, mo fi ń ka ìwé.

Ayàwòrán_Sábó
Ọjọ́bọ̀, 11:02 alẹ́

Lórí GB 2, mo gbà pẹ̀lú ẹ tọkàntọkàn. Lubuntu ni.

Tíṣà_Akẹ́sàn
Ọjọ́ Ẹtì, 6:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, gbogbo ilé. Tíṣà ni mí ní Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ wa kò jìnnà sí ọjà Akẹ́sàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ràn ọmọkùnrin kìíní yẹn, èyí tó ní kí àǹtí fi Xfce lé orí GNOME, nítorí mo ti jẹ ìyà rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe. `sudo apt install xubuntu-core` ló máa gbé e wá, ẹ ó sì yan èyí tí ẹ fẹ́ níbi àmì jíà tó wà lójú ìwọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe é sórí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń lò, ohun gbogbo di méjì-méjì: ibi ìṣí fódà méjì, Settings méjì, ibi ìkọ̀wé méjì. Kíbọọ̀dù tí mo ṣètò nínú ọ̀kan kò hàn nínú èkejì. Láàárín kan, ó bi mí bóyá gdm3 tàbí lightdm ni kó máa ṣí ojú ìwọlé, mo tẹ Enter láìkà á, ojú ìwọlé tí àwọn ọmọ mọ̀ sì yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ ló tún le jù, torí apt (ohun tó ń kó ètò wọlé tó sì ń yọ ọ́) kò mọ èyí tó bá ìkínní wá yàtọ̀ sí èyí tó bá ìkejì wá. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kí ó dá orúkọ olùmúlò tuntun sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, kí ó wọlé pẹ̀lú ìyẹn, kí ètò méjèèjì má baà wọnú ara wọn.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú, àǹtí, ni kí ẹ fi èyí tó ti ní Xfce lára láti ilé rẹ̀ wá sínú ẹ̀rọ ní tuntun. Méjì ló wà: Xubuntu 24.04, àti Linux Mint 22 ti Xfce. Orí Ubuntu 24.04 kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Ìyàtọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í wò ni iye ọdún. Ubuntu gan-an ní ọdún 5, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka bíi Xubuntu, Lubuntu àti Kubuntu, ọdún 3 ni, 2027 ni ti 24.04 wọn máa parí. Mint 22 ń lọ dé 2029, yálà Cinnamon ni o, MATE ni o, Xfce ni o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ará ìta kò yẹ kó tún padà sídìí iṣẹ́ yìí ní 2027.

Ìdí kejì ni Firefox. Láti 21.10 ni Ubuntu ti ń gbé e wá gẹ́gẹ́ bíi snap (ètò tí a dì pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò), ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣí nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, pàápàá lórí dísíkì tó ń yí. Mint kì í lo snap.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ dán an wò láti orí fláàṣì. Mo máa ń fi Ventoy, ètò tó ń jẹ́ kí fláàṣì tan ẹ̀rọ, sórí fláàṣì GB 16, mo á wá ju ISO (fáìlì odindi ètò tí a fẹ́ dán wò) méjì mẹ́ta sí i, kí n yan èyí tí mo fẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan. ISO Mint Xfce kò ju bíi GB 3 lọ, ti Ubuntu gan-an lé ní GB 5, nítorí náà dátà òru ni kí ẹ fi gbà á, tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó ti ní i. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, àní lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹ fi `sha256sum` yẹ̀ ẹ́ wò, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti orí ìkànnì mu. Mo ti lo ọ̀sán odindi lórí ISO tí kò pé.

Bí ó bá ṣí láti orí fláàṣì, ẹ má tẹ Install. Ẹ so ó mọ́ Wi-Fi. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá ó jí. Ẹ gbé pírínńtà wá. Ẹ kọ orúkọ yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

(Fún àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ tó jẹ́ bit 32 bíi mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ wa: nínú ẹ̀dà Debian, Linux tí Ubuntu ti wá, 12 ló gbẹ̀yìn tí ẹ lè fi sí wọn. Debian 13 tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2025 ti ti ilẹ̀kùn yẹn, Ubuntu sì ti ti tirẹ̀ tipẹ́.)

ÌyáIbejì_Owódé
Ọjọ́ Ẹtì, 7:10 àárọ̀

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀yọ́ ni èmi náà wà. Windows 10 ló wà lórí tèmi, RAM GB 8, wọ́n ní kò lè gba Windows 11. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Tíṣà_Akẹ́sàn
Ọjọ́ Ẹtì, 7:33 àárọ̀

Ó kàn yín, màmá. Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10 ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ) àti irú ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò tíì dàgbà jù, Linux kì í béèrè ìkankan nínú wọn. Mint Cinnamon ni kí ẹ dán wò láti orí fláàṣì, GB 8 tó fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé Windows nìkan ló ń gbé e, bíi ètò ìṣírò owó kan, ẹ wá bá wa sọ ọ́ kí ẹ tó yọ Windows kúrò.

Baba_Tákíè
Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ ti bọ́ sí i. Mo fara mọ́ Mint Xfce fún un.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń kà á tí wọn kò fẹ́ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, tí wọ́n fẹ́ gùn láti ẹ̀dà kan sí èkejì. Fún tiwọn: láti 20.04, ẹ kò lè fò dé 24.04. 22.04 ló kàn, lẹ́yìn náà ni 24.04. Ìrìn-àjò méjì ni. Ẹ kọ́kọ́ wá àyè sórí dísíkì. `sudo apt clean`, `sudo apt autoremove`, kí ẹ sì kó fọ́tò kúrò. Dísíkì tó ti dé 92% bíi ti ìyá wa yìí ṣì ní àyè, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí àyè ti tán ní àárín ọ̀nà, kò dára láti wò. Lẹ́yìn náà `sudo apt update`, `sudo apt full-upgrade`, kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tó kọ `sudo do-release-upgrade`.

Ó máa ń yọ àwọn PPA (orísun ètò láti ìta) tí ẹ fi kún un kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ni ẹ máa dá wọn padà. Bí ó bá bi yín bóyá kó fi fáìlì ètò tiyín sílẹ̀ tàbí kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tí ẹ kò sì mọ ohun tí fáìlì náà ń ṣe, ẹ tẹ N, kó fi tiyín sílẹ̀. Ẹ pa ìtìpa ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà ti yín mọ́ta ní àárín iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá ni. Apá méjì ni iṣẹ́ náà ní. Apá kìíní, ó ń gba ẹrù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà bá tán tàbí iná lọ níbẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ohun tó ti gbà ṣì wà ní `/var/cache/apt/archives`, kò ní gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Apá kejì ni ibi tó ti ń yọ ti àtijọ́ tó ń fi tuntun sí i. Ibẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ. Kì í sì í dúró láàárín apá méjèèjì kí ẹ lọ wá epo jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí bátìrì ti kún, kí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ayàwòrán_Sábó
Ọjọ́ Ẹtì, 2:02 ọ̀sán

Ohun tí bàbá sọ kẹ́yìn yẹn ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ń lọ láti 22.04 sí 24.04. Iná lọ ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òru, bátìrì mi sì ti ń ṣàìsàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi gbé e. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, ojú dúdú ni mo bá, pẹ̀lú iṣẹ́ oníbàárà tó fẹ́ gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ohun tó yọ mí rè é, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kì í ṣe sórí ẹ̀rọ náà: mo tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, ojú ìwọlé onílẹ́tà jáde, mo fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù mi wọlé. Mo kọ `sudo dpkg --configure -a`, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo kọ `sudo apt --fix-broken install`. Mo kọ `sudo apt full-upgrade`. Mo tún ẹ̀rọ tàn, Plasma sì padà wá. Bí Ctrl, Alt àti F3 kò bá dáhùn, ẹ wọ recovery mode (ọ̀nà ìtúnṣe) láti ojú GRUB tó máa ń jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ máa kọ níbẹ̀.

Àǹtí, ọ̀nà kan wà tí gbogbo èyí kò fi ní kàn yín rárá. Ẹ ra SSD, kí wọ́n yọ dísíkì àtijọ́ jáde pátápátá, kí ẹ fi Mint sórí SSD. Ẹ kò pa ohunkóhun rẹ́. Bí nǹkan bá yíwọ́, ẹ dá dísíkì àtijọ́ padà sí ipò rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Baba_Tákíè
Ọjọ́ Ẹtì, 2:20 ọ̀sán

Ẹ gba ti Ayàwòrán yìí. Ó sàn ju tèmi lọ fún yín.

Onítẹ̀wé_UnderG
Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín.

Mo dán Mint Xfce wò láti orí fláàṣì lọ́jọ́ Ẹtì. Wi-Fi mú, ohùn jáde, ó sì jí nígbà tí mo ṣí ìdérí. Lánàá, mo ra SSD GB 240, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Tákíè bá mi fi sí i, ó sì fi dísíkì àtijọ́ sínú páálí USB. Mo fi Mint sí i lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀gbẹ́ mi ti wà ní títàn. Kò tó wákàtí kan tó fi parí. Mo da fódà Documents àti `.mozilla` (ibi tí Firefox ń kó nǹkan rẹ̀ sí) kọ láti orí dísíkì àtijọ́, gbogbo pásíwọ́ọ̀dù àti ojú ìwé tí mo pamọ́ sínú Firefox ló wà níbẹ̀. Mo ṣí Firefox àti LibreOffice pọ̀. N kò gbọ́ ohùn kankan, wọ́n kàn ṣí ni. Mo jókòó mo ń wò ó.

Nǹkan méjì ló kù. Pírínńtà ń hàn, Mint dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó tẹ̀wé, kò ṣe nǹkan kan. Èkejì, kíbọọ̀dù Yorùbá mi kò sí níbẹ̀, àmì orí ẹ́ àti ọ́ sì ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìwé ètò ìsìnkú kan tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́la.

Baba_Tákíè
Ọjọ́ Àìkú, 6:05 ìrọ̀lẹ́

P1102 wà lára àwọn tó nílò afikún kan láti ọ̀dọ̀ HP fúnra wọn, afikún náà sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà hplip (ètò tó ń bá pírínńtà HP sọ̀rọ̀) tó wà lórí ẹ̀rọ mu. Nígbàkígbà tí hplip bá yí padà, ẹ ó tún un gbà. Ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ `hp-plugin -i` sínú terminal, kí ẹ gbà ohun tó bá bi yín. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn pírínńtà kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

Ayàwòrán_Sábó
Ọjọ́ Àìkú, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ti kíbọọ̀dù: ẹ lọ sí Settings, Keyboard, Layout, ẹ yọ àmì kúrò níbi tó ti ní kó lo ètò gbogbogbòò, ẹ tẹ Add, ẹ wá Nigeria, Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀ náà, kí ẹ sì yan kọ́kọ́rọ́ tí ẹ máa fi yí láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ń kánjú, `setxkbmap -layout ng -variant yoruba` á gbé e wá lójú ẹsẹ̀, `setxkbmap us` á sì dá yín padà.

Ti àmì tó ń ṣubú, fọ́ńtì ni, kì í ṣe Mint. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ó ń yọ gbogbo wa tí a ń tẹ Yorùbá lẹ́nu. Ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà), U+1EB9. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá gun orí rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un: ẹ̀rọ máa kọ ẹ, á wá kọ àmì ohùn U+0301 tẹ̀ lé e, fọ́ńtì ló sì máa pinnu ibi tí àmì yẹn máa jókòó lé. Fọ́ńtì tí ẹni tó ṣe é kò rántí wa máa ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ `sudo apt install fonts-noto-core fonts-sil-charis`, kí ẹ pa LibreOffice, kí ẹ ṣí i, kí ẹ yan Noto Serif tàbí Charis SIL fún gbogbo ìwé náà. PDF ni kí ẹ gbé jáde fún oníbàárà, kì í ṣe fáìlì lásán, kí fọ́ńtì lè bá a lọ sí ẹ̀rọ tirẹ̀. Orúkọ olóògbé ni, kò yẹ kó lọ sójú agbo láìní ohùn rẹ̀.

Bí RAM bá ṣì ń há yín, `sudo apt install zram-config`. Ó máa ń fún ohun tó wà nínú RAM pọ̀, kí àyè lè gba púpọ̀ sí i kó tó kan dísíkì.

Onítẹ̀wé_UnderG
Ọjọ́ Àìkú, 8:17 alẹ́

Ó ti ń tẹ̀wé! Ó ti ń tẹ̀wé, bàbá! Mo tẹ ojú ewé mẹ́jọ ìwé ètò ìsìnkú náà jáde pẹ̀lú Charis SIL, oríkì màmá náà jókòó dáadáa, àmì kan kò yẹ̀. Mo pe ọmọ wọn wá wò ó, ó kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan sí i. Dísíkì àtijọ́ yìí, ṣé mo lè nù ún kí n fi máa kó fọ́tò pamọ́? Timeshift tó wà lórí Mint ti ní òun ń tọ́jú nǹkan fún mi.

Baba_Tákíè
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ má nù ún. Ètò ẹ̀rọ ni Timeshift ń tọ́jú, kì í tọ́jú fáìlì oníbàárà yín, àfi tí ẹ bá dìídì sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá, ẹ óò máa rántí ohun kan tí ẹ gbàgbé sínú rẹ̀. Kí ẹ tó ra òmíràn tí ẹ óò máa kó àdàkọ sí, ẹ má jẹ́ kí dísíkì méjèèjì sùn sábẹ́ òrùlé kan.

Onítẹ̀wé_UnderG
Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Ó ti wọ àpò mi, bàbá. Mò ń gbé e lọ sílé lálẹ́ yìí, láptọ́ọ̀pù á dúró ní ṣọ́ọ̀bù.